Ta Ló Mọ Bí Ẹran Ṣe Jìnnà Tó? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Awò Ìbọn fún Àwọn Ọdẹ Ìkìrun, Inísà, Òkukù àti Èkó-Ẹ̀ndé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun ká Ìkìrun mọ́. Àwọn Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ti pàgọ́ tì í nígbà tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun Ìbàdàn dé láti wá gbà á sílẹ̀. Ìbàdàn ló ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Ogun Jálumi nìyẹn. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀ lásìkò náà, wọ́n sá wá sí Ìkìrun, wọn kò sì padà sílé títí di ọdún 1893. Kò sí agboolé kan ní agbègbè yìí tí ìtàn ogun náà kò kàn.

Ìbọn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ṣakabùlà tí ọdẹ ṣì ń gbé wọ igbó Èkó-Ẹ̀ndé lónìí. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ń dán láìní ìlà kankan. Ọta tó bá gba inú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ jáde kì í yí bírí, nítorí náà kò lè tọ ọ̀nà kan ṣoṣo lọ títí. Bí ọ̀nà bá ti ju nǹkan bí 100 mítà lọ, kò sí akọni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí lòun fẹ́ bà tí yóò sì bà á. Ìdí nìyẹn tí ogun ayé ìgbà náà fi gba kí ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì sún mọ́ ọ̀tá kí wọ́n tó yìn ín.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ogun Kírìjì ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Ìkìrun, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn ní apá kan, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ní apá kejì. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ ṣáájú Èkìtìparapọ̀, kí Ògèdèǹgbé Ìléṣà tó gba ipò olórí ogun. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ti oko ẹrú dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran ilé lọ́wọ́. Joseph Pythagoras Haastrup àti Philip José Meffre wà lára àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ẹgbẹ́ yìí ló wá ọ̀nà tí ráífù fi dé ojú ogun, wọ́n sì kó o gba ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà tí Gómìnà Glover là ní 1872. Ní ti Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà etíkun mọ́ wọn, kò sì rọrùn fún wọn láti rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà.

Snider ni orúkọ ráífù tí ìtàn mẹ́nu bà jù. Ilé iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á wọlé ní 1866. Ẹ̀yìn ni ọta rẹ̀ ń gbà wọlé, inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, ìlà yẹn ló ń mú ọta yí bírí kó lè fò tààrà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníṣakabùlà ṣì ń ki ẹ̀tù. Àmọ́ ohun tó kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jù lára Snider ni àkàbà kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọ̀pá rẹ̀, níbi tí à ń gbé ojú lé. Wọ́n fín nọ́ńbà sí àkàbà yìí lára, ó tó nǹkan bí 900 yáàdì. Bí ayìnbọn bá rò pé ọ̀tá wà ní 300 yáàdì, yóò sún irin ojú rẹ̀ sí 300, ẹnu ìbọn yóò sì gbé sókè díẹ̀ kí ọta lè jábọ́ sí ibi tó yẹ.

Àkàbà yẹn ni baba awò ìbọn, dígí orí ìbọn tó ń díwọ̀n ọ̀nà jíjìn. Ohun tí kò sì lè ṣe ní Kírìjì náà ni àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kò lè dá ṣe lónìí: kò mọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Bí ọ̀nà bá jẹ́ 200 tí ayìnbọn pè é ní 300, ọta yóò gba òkè orí kọjá lọ. Irin ń gbọ́ràn sí ojú ẹni tó mú un dání lẹ́nu ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ̀wọ̀n, bó ra awò tó wọ́n jù lọ láyé, ṣe ló kàn ra ọ̀nà tí yóò fi máa tàsé láti òkèèrè.

Ó gba àwọn ológun òkè òkun ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi ìwọ̀n ọ̀nà sínú dígí. Ní ọdún 1963, orílẹ̀-èdè Soviet gba ráífù Dragunov wọlé pẹ̀lú awò PSO-1. Ìlà kan tó tẹ̀ wà nínú awò náà: bí ẹsẹ̀ èèyàn bá wà lórí ìlà ìsàlẹ̀, ibi tí orí rẹ̀ kan ìlà títẹ̀ ni a ó ti ka iye mítà, láti 200 dé 1,000. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Ní ogun Vietnam, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo awò Redfield Accu-Range àti èyí tí James Leatherwood ṣe. Nígbà tó ṣe, àmì tótòtó tí à ń pè ní mil-dot dé, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ awò tí ọdẹ àti eléré ìdárayá ń rà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀nà tó wà láàárín ojú àti ohun tí à ń wò. Ní mítà 100, mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ní mítà 1,000, ó jẹ́ mítà kan gbáko. Nítorí náà, kí ọdẹ mú gíga ẹran ní mítà, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, kó sì fi iye mil tí ẹran náà gbà nínú awò pín in. Ká ní ìgalà kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 70 láti pátákò dé èjìká, tó sì gba mil mẹ́ta àbọ̀. 0.7 lọ́nà 1,000 jẹ́ 700. Fi 3.5 pín in, ó di 200. Mítà 200 ni ìgalà náà wà.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ ni gíga tí a kọ́kọ́ mú. Bí ìgalà náà bá jẹ́ ọmọdé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 55, mil mẹ́ta àbọ̀ yẹn kan náà yóò túmọ̀ sí mítà 157. Ọ̀nà ti fi mítà 43 yàtọ̀ láìjẹ́ pé awò ṣe àṣìṣe kankan. Ọta kì í sì í fò lọ gbọọrọ bí okùn tí a nà; láti ìgbà tó bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn ni ilẹ̀ ti ń fà á. Ọta tó ń sáré 600 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò lo ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó rin 300 mítà, láàárín ìwọ̀nba àsìkò yẹn, yóò ti jábọ́ ju mítà kan lọ sí ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ráífù .22 ló fi èyí hàn jù: bí a bá tò ó kó bà lójú àmì ní mítà 50, nígbà tí ọta rẹ̀ bá fi máa dé mítà 100, yóò ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Èyí tó láti mú ẹran tí à bá pa lẹ́ẹ̀kan fara gbọgbẹ́ wọ igbó lọ, kó lọ jẹ̀rora kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Àgbà ọdẹ tó mọ ìyàtọ̀ abo àti akọ, ọmọ àti ìyá, láti bí ẹran ṣe ń rìn ti ní ìdajì iṣẹ́ awò lórí kó tó ra awò rárá.

Ohun mìíràn tún wà tó ń kó bá àwọn tí kò mọ̀. Awò tó ń sún nǹkan mọ́ni, tí a lè yí láti ìlọ́po 3 sí 9, pín sí oríṣi méjì. Nínú oríṣi kan, àmì tótòtó inú rẹ̀ ń tóbi, ó sì ń kéré pẹ̀lú ẹran, ìwọ̀n mil rẹ̀ sì dúró ṣinṣin níbi yòówù kí a yí i sí. Nínú oríṣi kejì, tó wọ́pọ̀ jù tí kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹran nìkan ló ń tóbi, àmì náà kò yí padà. Oríṣi kejì yìí máa ń sọ òtítọ́ ní ìlọ́po kan ṣoṣo, èyí tó ga jù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá fi ìdajì ìlọ́po yẹn ka mil mẹ́ta àbọ̀, mil méje gan-an ló kà. Ẹran tó pè ní mítà 200 wà ní mítà 100. Oríṣi tí awò jẹ́ ni kí olùrà kọ́kọ́ bi òǹtajà, kó tó béèrè iye owó.

Àmọ́ òfin ṣáájú owó. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, àti ráífù ológun bíi ti 7.62 mílímítà àti .303, irú èyí tí àwọn ọmọ wa gbé lọ jà ní Burma láàárín 1943 sí 1945. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn oníkátíríìjì tí kì í ki ara rẹ̀, ráífù ìdọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí nínú ọ̀wọ́ kìíní, àti ìbọn tí ń fi afẹ́fẹ́ yìn. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí èèyàn lè ní láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn tó rò pé ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń yin ẹyẹ kò kan ọlọ́pàá, ẹ gbọ́ pé òfin dárúkọ rẹ̀.

Ibi tí òfin pín in sí yìí náà ló ń sọ ẹni tí awò wúlò fún. A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ: ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà kò nílò rẹ̀. Ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í yí bírí kò lè jẹ àǹfààní dígí tó ń ka mítà 200. Oníkátíríìjì náà kò nílò rẹ̀, nítorí ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ ti fọ́n ká kó tó kọjá nǹkan bíi mítà 40. Nínú igbó tó dí létí odò Ọ̀tìn, mítà 30 ni ojú ń rí ẹran mọ jù lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó wúlò fún ni ẹni tó ní ìwé àṣẹ ráífù ìdọdẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko, eléré ìdárayá, àti ọmọ wa tó gba ìwé àṣẹ ìdọdẹ ní Texas tàbí Georgia tó ń yin àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn láti etí oko àgbàdo. Owó tí oníṣakabùlà ìbá ná sórí awò, kó fi ra tọ́ọ̀ṣì tó dára àti bàtà tí ejò kò lè bù jẹ.

Ẹni tó wá yẹ fún, báwo ni yóò ṣe yàn án? Kó má ṣe lé ìlọ́po ńlá. Ìlọ́po 3 sí 9 pẹ̀lú dígí iwájú tó fẹ̀ ní mílímítà 40 ti tó fún ohun gbogbo tí ọdẹ lè ṣe láìṣe àṣejù. Bí ìlọ́po bá ti ń pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù: fi ìlọ́po pín fífẹ̀ dígí iwájú, ohun tó bá jáde ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú. Ní ìlọ́po 8, 40 di 5. Ọmọlójú ọ̀dọ́ lè là tó mílímítà 7 nínú òkùnkùn, ti àgbàlagbà kì í sábà ju 5 lọ, nítorí náà àgbà ọdẹ tó ń san owó gegere lórí dígí ńlá ń sanwó ìmọ́lẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò lè gbà. Kó wá èyí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n fi gáàsì náítírójìn dípò rẹ̀, torí awò tí kò ní i yóò fín eruku omi sínú dígí láàárọ̀ ọjọ́ òjò. Bí àmì inú awò bá wà ní mil, kí nọ́ọ̀bù tí a fi ń tún un ṣe náà wà ní mil. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta awò tí àmì rẹ̀ jẹ́ mil tí nọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ MOA, ìwọ̀n mìíràn tí kò bá mil dọ́gba, wàhálà ìṣirò nìyẹn nígbà tí ẹran dúró lójú.

Awò kan tún wà tó ní léésà nínú, tí a kàn ń tẹ̀ tí yóò sọ iye mítà fúnra rẹ̀. Ó dára ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ léésà ń padà láti ara ohun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé, ní àárín koríko èèsún tó ga ju èèyàn lọ, igi koríko tó wà níwájú ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ẹran. Eruku ọyẹ́ àti òjò ń dà á láàmú, bátìrì rẹ̀ sì lè kú. Kí ẹni tó rà á ṣì mọ ìṣirò mil lórí.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ní ewu tirẹ̀. Èyí tó ń lo sípíríìǹgì máa ń ta sẹ́yìn, ó sì tún ń ta síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ìtasíwájú yẹn ni àwọn awò kan kò ṣe fún. Awò tó ń fara da ìtasẹ́yìn ráífù ńlá lè tú palẹ̀ lórí ìbọn ẹyẹ. Kí olùrà rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó gba irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé awò wọn kò dára, wọn kò dè é mọ́ ìbọn dáadáa ni. Òrùka tó di awò mú ṣe pàtàkì bí awò fúnra rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn. Kí ẹni tó ni ín gbé ìbọn lé èjìká pẹ̀lú ojú dídì bó ṣe máa ń gbé e lóko, kó wá la ojú: bí kò bá rí àwòrán náà yíká láìsí òjìji dúdú, kó sún awò síwájú tàbí sẹ́yìn títí yóò fi rí i. Kí sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 wà láàárín ojú àti dígí, nítorí awò tó sún mọ́ ojú jù yóò la ìpéǹpéjú nígbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, kí ó so okùn ìwọ̀n bíríkìlà mọ́ igi níwájú, kó sì yí awò títí ìlà òró inú rẹ̀ yóò fi bá okùn mu, nígbà tí ìbọn fúnra rẹ̀ dúró tẹ́jú. Bí ìlà yẹn bá wọ́, gbogbo ìgbà tí a bá tún awò ṣe sókè ni ọta yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn súkúrúù òrùka, ká máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ láti igun sí igun, kí a má fún ẹyọ kan pa.

Títò fún ojú àmì kù. Pápá ìyìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni èyí tọ́ sí, kí òkìtì ilẹ̀ tó ga sì wà lẹ́yìn àmì. Mítà 25 ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ìbọn jókòó sórí àpò iyanrìn. Yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí àmì kan náà, wá àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń yí nọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan ń lé òjìji kiri. Lẹ́yìn náà ká lọ sí mítà 100. Níbẹ̀, bí nọ́ọ̀bù bá jẹ́ ti ìdá mẹ́wàá mil, ìró kọ̀ọ̀kan tó bá dún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Bí àárín ihò bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 6 nísàlẹ̀ àti 4 lápá ọ̀tún, ìró mẹ́fà sókè, mẹ́rin sí òsì. Kí a kọ orúkọ àti ìwọ̀n ọta tí a lò sílẹ̀, nítorí ọta ilé iṣẹ́ mìíràn yóò bà síbòmíràn. Kí a sì máa dán an wò bí ìbọn bá ṣubú, tàbí bí ọkọ̀ bá gbọ̀n ọ́n láti Òṣogbo dé Òkukù.

Àti kọ́ ojú ní ìwọ̀n, kò gba ọta kankan. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907, tó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ní ìwọ̀n kan tí kì í yẹ̀: mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin méjèèjì. Kí ọdẹ gbé awò nìkan dání, kí ìbọn wà nílé, kó dúró níbi tí títì ti dá ojú irin kọjá, lẹ́yìn tó ti rí i pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Kó wo ibi tí irin méjèèjì ti gba mil márùn-ún gééré: mítà 213 nìyẹn. Kó fojú mú igi kan tó wà létí ibẹ̀, kó gba ẹ̀gbẹ́ rìn débẹ̀, kó sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe èyí déédéé, ojú rẹ̀ yóò mọ mítà 200 láìlo dígí. Ilẹ̀kùn ilé ga tó nǹkan bíi mítà méjì, pápá bọ́ọ̀lù gùn tó 100 mítà. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ìwé ẹ̀kọ́.

Ohun kan wà tí kò gba àríyànjiyàn. Awò kì í ṣe ohun tí a fi ń wo ẹni tó ń bọ̀, nítorí ibi tí awò bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Dígí alójú méjì ni ká fi wo nǹkan tó ń mira nínú koríko, kí a tó gbé ìbọn sókè rárá. Ọta .22 kékeré tó tàsé lè rin ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ, láàárín Ìkìrun sí Inísà kò sì sí kìlómítà kan àbọ̀ tí kò ní oko, ọ̀nà tàbí ẹni tó ń ṣẹ́gi.

Ẹ̀yin olóyè ọdẹ Ìkìrun, Inísà, Òkukù àti Èkó-Ẹ̀ndé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹgbẹ́ yín lọ bá ọlọ́pàá, kí ẹ jọ wá ilẹ̀ kan tó ní òkìtì lẹ́yìn, kí ẹ ri òpó mọ́ ọn ní mítà 25, 50 àti 100. Kí ọmọ tó fẹ́ gba ìbọn kọ́kọ́ fojú pe ọ̀nà níbẹ̀ lójú àwọn àgbà. Èyí tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n pè, ẹ má fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.